Pèpéle Ló Ń Ṣáájú Kẹ̀kẹ́ Ogun

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àpótí kẹ̀kẹ́ ogun oníke kékeré, irú èyí tí a ń tò pọ̀ fún eré ogun orí tábìlì, ẹṣin ló máa ń kọ́kọ́ wù ú láti lẹ̀. Ẹṣin ló ń gba ojú: eegun ìhà rẹ̀ hàn síta, ẹnu rẹ̀ là, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wà lókè. Lẹ́yìn ẹṣin, ó kan àwọn ọmọ ogun, lẹ́yìn wọn, ó kan kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ tí gbogbo wọn máa dúró lé, tí èmi ń pè ní pèpéle, ìyẹn di ìgbà tí ohun gbogbo bá ti gbẹ tán. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Pèpéle ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, kí n tó gé ẹyọ kan ṣoṣo kúrò lára férémù ike tí àwọn ẹ̀yà náà so mọ́. Àbúrò mi tí a jọ ń ṣe eré ogun orí tábìlì yìí máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ogun lẹ fẹ́ jà ni àbí ilẹ̀ lẹ fẹ́ pín?" Mo máa ń sọ fún un pé kó kọ́kọ́ tẹ̀ ba, kó wo abẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ bóyá ó kan ilẹ̀.

Òkú ni àwọn ọmọ ogun mi. Ọba aṣálẹ̀ kan tó ti sùn nínú ibojì láti ayébáyé jí pẹ̀lú gbogbo ààfin rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ fa ẹṣin wá. Àwọn tó mọ Warhammer, eré tó ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1983, á ti mọ̀ pé Tomb Kings ni mò ń sọ. Nígbà tí Games Workshop, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe eré náà, gbé ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ The Old World jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn òkú yìí àti àwọn ẹlẹ́ṣin Bretonnia ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ogun mìíràn, kẹ̀kẹ́ ogun a máa dá lọ ni. Ti àwọn òkú ń tò: mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, ẹṣin méjìlá ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn nìyẹn, ohun náà ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pèpéle le. Kẹ̀kẹ́ tó ń dá rìn lè na imú ẹṣin rẹ̀ síbi tó bá wù ú. Èyí tó wà nínú ìtò ní aládùúgbò lọ́tùn-ún, lósì, níwájú àti lẹ́yìn.

Ìwọ̀n pèpéle náà kò ní wàhálà. The Old World mú kí pèpéle ọ̀pọ̀ ọmọ ogun fẹ̀ sí i: eegun tó ń fẹsẹ̀ rìn kúrò lórí mìlímítà 20 bọ́ sórí 25, ẹlẹ́ṣin kúrò lórí 25 sí 50 bọ́ sórí 30 sí 60, àwọn tó ti kó ọmọ ogun wọn jọ láti ọjọ́ pípẹ́ sì ń kùn títí di òní. Kẹ̀kẹ́ ogun àwọn òkú ṣì wà lórí 50 ní ìbú, 100 ní gígùn. Eré ogun míì tó ń jẹ́ Kings of War náà ń lo ìwọ̀n kan náà, nítorí náà iṣẹ́ kan á bá eré méjèèjì mu. Ẹni tó jẹ́ pé Kings of War nìkan ló ń ṣe lè má pín pèpéle rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ rárá, torí wọn kì í yọ ọmọ ogun kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta lè jókòó pọ̀ sórí pátákó kan tó jẹ́ 150 sí 100. Mo ti rí irú ẹ̀ tó rẹwà, tí wọ́n fi òwú ṣe eruku lẹ́yìn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Èmi ò lè ṣe é. Mo fẹ́ máa gbé òkú mi kúrò lórí tábìlì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń kan ilẹ̀ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ kan. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì ni, pẹ̀lú pátákò ẹṣin méjì. Ẹṣin tó ń sáré kì í sì í fi gbogbo ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó lè jẹ́ pátákò kan péré ni ike ẹṣin kọ̀ọ̀kan fi dúró. Láàárín wọn, ọ̀pá gígùn kan so inú kẹ̀kẹ́ mọ́ àjàgà tó wà lọ́rùn ẹṣin. Ọ̀pá yìí kì í tẹ̀. Bí ẹṣin bá fi mìlímítà kan ga ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀pá á gbé imú kẹ̀kẹ́ sókè, awakọ̀ á fẹ̀yìn tì, tafàtafà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ta ọfà sí ojú sánmà. Bí ẹṣin ọ̀tún bá ga ju tòsì lọ, àjàgà á wọ́, ó sì máa fa ọ̀pá dání, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan á gbéra nílẹ̀. Ẹni tó lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí tábìlì tó tẹ́ pẹrẹsẹ lè rò pé òun ti bọ́. Ṣùgbọ́n tábìlì kọ́ ni kẹ̀kẹ́ máa gbé. Orí iyanrìn àti òkúta ló ń lọ, iyanrìn sì ní sísanra tirẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà ni pé kí wọ́n lẹ kẹ̀kẹ́ mọ́ pátákó lásán, kí wọ́n wá fi gúlúù funfun pa ibi tó ṣẹ́ kù, kí wọ́n da iyanrìn lé e. Fún ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Lábẹ́ kẹ̀kẹ́, ibi tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì kò gba búrọ́ọ̀ṣì dáadáa, iyanrìn á sì gun sípóòkù, ìyẹn àwọn ọ̀pá tíńrín inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ó tún máa ń dà bíi pé kẹ̀kẹ́ náà dúró nínú kòtò, nítorí pé ilẹ̀ ti ga yí i ká. Tí ilẹ̀ bá ti wà kí kẹ̀kẹ́ tó dé, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ á jókòó sínú ipa tó ti là fún ara rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Pátákó MDF, ìyẹn igi lílọ̀ tí wọ́n fi gúlúù tẹ̀ pọ̀, oní mìlímítà 2 tàbí 3 ni mo fẹ́ràn, torí ó rọrùn láti gbẹ́ ihò òòfà sí i. Ẹ̀tàn rẹ̀ kan ni pé omi inú gúlúù máa ń jẹ́ kó tẹ̀ bí ojú kan péré bá tutù. Nítorí náà, mo máa ń fi ọ̀dà kun ojú méjèèjì àti etí rẹ̀, mo sì máa ń jẹ́ kó gbẹ kí n tó ṣe ohunkóhun míì. Lẹ́yìn ìyẹn, rúlà àti pẹ́ńsù. Mo fa ìlà kan gba àárín lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, èyí ni ọ̀pá máa tẹ̀ lé. Mo fa méjì míì fún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Nínú kẹ̀kẹ́ tèmi, mìlímítà 34 ló wà láti àárín ẹsẹ̀ kan sí àárín èkejì, ó wá ku 8 sí etí lọ́tùn-ún, 8 lósì. Orí ọ̀pá ìdí kẹ̀kẹ́, ìyẹn ibi tó yọ síta lẹ́yìn sípóòkù, ń jẹ nǹkan bíi 5 nínú 8 yẹn. Mẹ́ta tó ṣẹ́ kù ni ààyè mi. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kó tètè gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó wò ó, nítorí pé orí ọ̀pá méjì tó ń gbá ara wọn kì í jẹ́ kí ìtò dúró gún.

Àǹfààní kan wà nínú ìlà méjèèjì yìí tí mi ò rí kí ènìyàn púpọ̀ lò. Bí ipa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá wà ní ibì kan náà gẹ́lẹ́ lórí gbogbo pèpéle, tí ó sì gba láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ èyíkéyìí lè dúró lẹ́yìn èyíkéyìí, ipa náà á sì máa bá a lọ láìjá. Kẹ̀kẹ́ iwájú ti kọjá lórí ilẹ̀ tí ẹṣin ẹ̀yìn ń tẹ̀. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn níbẹ̀. Ti kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú pátápátá nìkan ló yẹ kí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ mọ́ ní pípé, ṣùgbọ́n mi ò ya ìyẹn sọ́tọ̀, nítorí ẹni tó wà níwájú lónìí lè wà lẹ́yìn nínú ogun tó ń bọ̀.

Àpòpọ̀ ilẹ̀ tèmi: pútì tí wọ́n fi ń dí ògiri, iyanrìn kíkúnná, gúlúù funfun díẹ̀, àti ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀. Ọ̀dà inú rẹ̀ ṣe pàtàkì. Lọ́jọ́ tí etí pèpéle bá fi ara gbá nǹkan tó sì bù, àwọ̀ ilẹ̀ kan náà lẹ máa rí nínú ojú ibi tó bù, kì í ṣe funfun. Mo máa ń tẹ́ ẹ sí bíi mìlímítà kan àti ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ń dúró. Bó bá ṣì tutù jù, á rọ́ padà sínú ipa. Bó bá ti le jù, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ò ní wọlé. Tí mo bá fi ìka kàn án tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ṣùgbọ́n tó ṣì gba ìtẹ̀, àkókò ti tó. Mo máa ń mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan tó ṣẹ́ kù nínú àpótí, kí n fi igi ìtayín ṣe ọ̀pá rẹ̀, kí n tì í bọ omi, kí n wá yí i gba orí ìlà kọ̀ọ̀kan lọ láìdúró lójú ọ̀nà. Ipa tí ènìyàn fi ọ̀bẹ fà kì í jọ èyí tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí kọjá. Ti ọ̀bẹ ní etí mímú, ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ máa ń tì erùpẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kí ilẹ̀ tó le pátápátá, mo tún ń tẹ pátákò ẹṣin sí i, pàápàá lẹ́yìn ibi tí ẹṣin wà. Ẹ fọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àyálò yẹn lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣì máa lò ó.

Ìgbà tí ilẹ̀ bá wà lórí gbígbẹ ni mo tó ń gé ike. Páláyà ẹlẹ́nu mímú ni mo fi ń gé e, jìnnà díẹ̀ sí ara ẹyọ náà, kí n tó fi ọ̀bẹ bó èyí tó ṣẹ́ kù. Ìlà ibi tí ojú mọ́ọ̀dì méjèèjì ti pàdé máa ń wà yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ká, ibẹ̀ sì ni ọ̀dà ti ń tú àṣírí jù. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló ń fá a dáadáa, kì í ṣe ojú rẹ̀. Inú sípóòkù gba fáìlì tíńrín àti sùúrù; mo mọ ẹni tó máa ń fo inú sípóòkù, kò sì sí ẹni tó tíì mú un. Èmi ni mi ò lè fò ó.

Ní ti sípóòkù, ẹ gbà mí láàyè kí n yà lójú ọ̀nà díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ogun Íjíbítì ìgbà láéláé ni gbogbo ẹgbẹ́ òkú yìí ti yá ìrísí, ti gidi sì wà tí ènìyàn lè fi wé. Mẹ́fà ni wọ́n bá nínú ibojì Tutankhamun tí Howard Carter rí ní 1922. Sípóòkù mẹ́fà ló wà nínú ẹsẹ̀ wọn. Ti àwọn ìgbà tó ṣáájú rẹ̀ máa ń jẹ́ mẹ́rin. Wọ́n máa ń tẹ igi ní ìrísí V, wọn á lẹ àwọn V náà mọ́ra, wọn á sì fi awọ tútù dì í tí yóò fún un pọ̀ bó bá ṣe ń gbẹ. Ènìyàn méjì ló ń gùn ún, awakọ̀ àti tafàtafà. Nínú àwòrán ogun Kádéṣì tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri, ogun tó wáyé ní nǹkan bí ọdún 1274 ṣáájú Kristi, ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú kẹ̀kẹ́ àwọn Hítì tí wọ́n bá jà. Ohun tí mo fi ń kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni ibi tí ọ̀pá ìdí wà: ẹ̀yìn pátápátá ni àwọn ará Íjíbítì gbé e sí, lábẹ́ etí ẹ̀yìn ibi tí ènìyàn dúró lé. Bí àpótí bá gbà mí láàyè láti yan, ibẹ̀ ni mo ń gbé e sí. Kẹ̀kẹ́ náà á na ara síwájú, á fúyẹ́ lójú, ojú á sì gbà pé ẹṣin ló ń fà á. Ọmọ ogun eegun ò wúwo, ó yẹ kí ohun tó gbé wọn náà má wúwo.

Ẹ̀yìn irú kẹ̀kẹ́ yìí ṣí sílẹ̀, kò ní ilẹ̀kùn. Èyí wúlò fún ìtò ju ẹwà rẹ̀ lọ. Ẹṣin tó na ọrùn gan-an, imú rẹ̀ lè yọ kọjá etí iwájú pèpéle. Tí ó bá wà níwájú, kò ní jẹ́ kí pèpéle mi kan ti ọ̀tá nígbà tí mo bá kọlù wọ́n. Nítorí náà, àwọn tó fa ọrùn sẹ́yìn ni mo fi ń síwájú. Àwọn tó na ọrùn ń bọ̀ lẹ́yìn, imú wọn á sì wọ ibi tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ iwájú, láàárín ọmọ ogun méjèèjì. Mo ń kọ nọ́ńbà sábẹ́ pèpéle kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ ẹni tó ń tẹ̀ lé ta ni.

Orí pèpéle yẹn náà ni mo ti ń to kẹ̀kẹ́ pọ̀. Gúlúù ike máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì, wọn á sì di ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò ṣe é lójú ẹsẹ̀. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ibi tó lẹ̀ ṣì ń yí. Àsìkò yẹn ni mo ń lò. Mo gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti ọ̀pá ìdí rẹ̀ sínú ipa láìlẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, mo gbé ẹṣin méjèèjì sí ipò wọn, mo fi àjàgà lé wọn lọ́rùn, mo wá gbé ọ̀pá wọlé. Bí gúlúù ṣe ń le, gbogbo rẹ̀ á fúnra rẹ̀ jókòó síbi tí ilẹ̀ fẹ́ kó wà. Ilẹ̀ tó ga níbì kan tó lọ sílẹ̀ níbòmíràn kò dí mi lọ́wọ́, torí ojú rẹ̀ gan-an ni kẹ̀kẹ́ ń le lé. Àjàgà lẹ̀ mọ́ ẹṣin, ọ̀pá lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́. Ibi tí ọ̀pá àti àjàgà ti pàdé ni mi ò ní lẹ̀ títí ọ̀dà á fi gbẹ. Báyìí, ẹṣin á wá lọ́tọ̀ fún kíkùn, kẹ̀kẹ́ á wá lọ́tọ̀, ọmọ ogun náà á wá lọ́tọ̀.

Àwọn tó ní ẹṣin irin àtijọ́ tàbí ti résìnì, gúlúù ike ò ní ṣe nǹkankan fún wọn. Súpágúlúù ni tiwọn. Ìyẹn máa ń mú lójú ẹsẹ̀, ó sì máa ń já lójú ẹsẹ̀ bí ọwọ́ bá gbá a. Ẹ fi dírílì ọwọ́ lu ihò mìlímítà kan sí pátákò, kí ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́ títí wọ inú pátákó. Ẹṣin irin méjì wúwo ju kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fà lọ.

Kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó wọ inú ipa títí láé, mo máa ń fi fáìlì fá etí rẹ̀ pẹlẹbẹ díẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀, bíi mìlímítà méjì. Ipa á bo ibi pẹlẹbẹ náà mọ́lẹ̀, gúlúù á sì rí ibi dì mú.

Àwọ̀ ilẹ̀ ni mo ní ẹnu lé jù. Àwọn ọmọ ogun òkú ará aṣálẹ̀ ni, ó sì dà bíi pé ìyanrìn aláwọ̀ ìyẹ̀fun ló yẹ wọ́n. Àmọ́ eegun náà aláwọ̀ ìyẹ̀fun ni. Ẹ gbé eegun sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹṣin méjìlá á pòórá. Ilẹ̀ pupa tó ṣókùnkùn ni mo yàn, bíi ti orí òkè aṣálẹ̀ tí oòrùn ti sun. Mo kun pupa dúdú kọ́kọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ gbá pupa rẹ́súrẹ́sú lé orí rẹ̀, mo wá fi èyí tó mọ́lẹ̀ jù gbá etí òkúta nìkan. Inú ipa ni mo ń fi sílẹ̀ kó ṣókùnkùn. Eruku pupa kan náà ni mo fi ń pa ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti pátákò, kí wọ́n má baà dà bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀. Koríko gbígbẹ, ìdì kan tàbí méjì, ní igun. Kò sí koríko tó ń hù nínú ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń gbà. Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n kó agbárí, ọ̀wọ̀n tó wó àti apata sórí pèpéle. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ta ló ń wa kẹ̀kẹ́ gba orí ọ̀wọ̀n tó wó?

Òòfà kékeré méjì ni mo ń ki sábẹ́ pèpéle kọ̀ọ̀kan, oní mìlímítà 5 sí 2, sí apá ẹ̀yìn níbi tí ìwúwo pọ̀ sí. Mo lẹ irin pẹlẹbẹ sínú àtẹ ìtò, ìyẹn àtẹ tí gbogbo pèpéle ń jókòó sí kí n lè gbé wọn rìn pọ̀, nítorí náà kò sí pé mo ń wá ojú òòfà tó ń fà àti èyí tó ń tì. Irin ò mọ ìyàtọ̀. Fáníìṣì tí kì í dán ń ṣáájú koríko, torí fáníìṣì máa ń jẹ́ kí koríko le gbagidi.

Ìjánu ló kẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe máa ń nípọn jù, nítorí náà òwú ìránṣọ ni mo ń lò, tí mo bá ti tì í bọ gúlúù funfun tí mo fi omi là. Gúlúù á pa irun ara òwú mọ́lẹ̀. Kí ó tó gbẹ, mo máa ń jẹ́ kó sọ̀ díẹ̀ láàárín ọwọ́ awakọ̀ àti ẹnu ẹṣin, kí ó rí bí awọ tó ní ìwúwo, kí n wá fi ọ̀dà dúdú pa á. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta iwájú nìkan ni mo ń ṣe é fún. Ti ẹ̀yìn ò hàn sí ẹnikẹ́ni àyàfi tí wọ́n bá gbé kẹ̀kẹ́ iwájú kúrò, tí wọ́n bá sì ti ń gbé kẹ̀kẹ́ iwájú mi kúrò lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ ìjánu kọ́ ló wà lọ́kàn mi mọ́.